Ọ̀wọ́ Àmì-Ẹ̀yẹ tí Ìyá Ọkọ Mi Fọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa, ẹ ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì kọ ìtàn iṣẹ́ wa fún yín, kí ẹ lè mọ ọ̀nà tí ẹ ó tọ̀. Mo mọ̀ pé ìtàn nọ́ọ̀sì àti ti oníṣirò owó ni ẹ ń retí. Iṣẹ́ tèmi kò sí lára àwọn tí òbí máa ń dárúkọ nígbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà fún ọmọ. Àmì-ẹ̀yẹ àwọn ọmọ ogun Germany àtijọ́ ni mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi yẹ̀ wò, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Jonesboro, ní Georgia níhìn-ín ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ mi ni láti sọ ohun tí wọ́n jẹ́, ìgbà tí wọ́n rán wọn pọ̀, àti bóyá ayédèrú ni wọ́n. Ìbẹ̀rù ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò sọ bẹ́ẹ̀ láti lé yín sá o. Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ kò bá bà ni yóò bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun náà ná. Láyé ọjọ́un, ọmọ ogun Germany tó bá gba àmì-ẹ̀yẹ ju ẹyọ kan lọ yóò kó wọn lọ bá télọ̀. Télọ̀ yóò gé páànù tẹ́ẹ́rẹ́, yóò fi aṣọ bò ó, yóò ká ríbọ́ọ̀nù àmì kọ̀ọ̀kan lé e lórí, yóò sì rán gbogbo wọn mọ́ra ní ìlà kan, kí pín-ìn-nì kan ṣoṣo lè gbé wọn mọ́ àyà. Ohun tí mò ń pè ní ọ̀wọ́ àmì-ẹ̀yẹ nìyẹn. Títò rẹ̀ kì í ṣe bó ṣe wù ú. Ètò wà: èyí tó ga jù ló ń ṣíwájú, ti ìpínlẹ̀ tìrẹ sì máa ń ṣáájú ti ìpínlẹ̀ àjèjì. Ẹni tó bá mọ ètò náà lè wo ọ̀wọ́ kan kó sọ ibi tí ẹni tó ni ín ti wá. Ó tún lè sọ ọdún rẹ̀. Àgbélébùú kan wà tí ìjọba wọn kò bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ja ogun àgbáyé kìíní títí di ọdún 1934. Bí ẹ bá ti rí i nínú ọ̀wọ́, télọ̀ kò rán an ṣáájú ọdún yẹn, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á fi búra.

Etí ṣòkòtò ni mò ń ká ní ilé ìfọṣọ kan nígbà tí ọ̀gá mi rí mi. Ó gbé síkẹ́ẹ̀tì kan wá fún àtúnṣe. Nígbà tó padà wá gbà á, kò wo iwájú rẹ̀ rárá. Ó yí inú rẹ̀ síta lójú ẹsẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú.

“Ta ló rán eléyìí?”

“Èmi ni, mà.”

“Ta ló kọ́ ọ?”

“Ìyá mi ni, mà. Ní Abẹ́òkúta.”

“Wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Ajé.”

Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́.

Ilse lorúkọ rẹ̀. Germany ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú kan láti Georgia ló fẹ́ ẹ wá síhìn-ín, ọkùnrin náà sì ti kú kí n tó dé. Ó ní kí n máa pe òun ní Ilse. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Obìnrin tó lè bí ìyá mi! Mo ní “Màmá.” Ó bínú. Ó ní, “N kò bímọ. N kì í ṣe màmá ẹnikẹ́ni.” Lọ́jọ́ kejì mo tún ní, “Ẹ káàárọ̀, Màmá.” Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé fóònù tó sì ń sọ fún àwọn oníbàárà pé, “Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí Màmá wò ó.”

Ó le. Ní gbogbo ọdún tí mo kọ́kọ́ lò, kò jẹ́ kí n rí iwájú ọ̀wọ́ àmì-ẹ̀yẹ kankan. Yóò dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí aṣọ funfun, yóò fún mi ní awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi, yóò ní, “Sọ ohun tí o rí.” Èmi yóò sọ: aṣọ ẹ̀yìn dúdú, ó jọ irun àgùntàn, pín-ìn-nì ti dípẹtà, ìpẹtà náà sì ti wọ aṣọ, òwú ti pọ́n, ọwọ́ ni wọ́n fi rán an. Bí mo bá fi lè sọ pé “ó dà bíi pé,” yóò gba awò náà lọ́wọ́ mi.

“‘Ó dà bíi pé’ kì í ṣe èsì. Tún un bẹ̀rẹ̀.”

“Màmá, nígbà wo ni mo máa rí iwájú rẹ̀?”

“Nígbà tí iwájú kò bá lè tàn ọ́ jẹ mọ́. Iwájú ni wọ́n ń ṣe fún ojú ayé. Kò sẹ́ni tó ń tún ẹ̀yìn ṣe fún àlejò.”

Òfin rẹ̀ kejì ni pé mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí mo rí, kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ rí. Mo máa ń gbé ìbẹ̀rù iṣẹ́ náà lọ sílé. Mo máa ń rò pé mo ti pe ayédèrú ní ojúlówó, pé wọ́n ti ń bọ̀ wá mú wa. Bàbá Dáyọ̀, ọkọ mi, máa ń ní, “Ta ló fẹ́ mú ẹ torí ríbọ́ọ̀nù?” Òun ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ní Forest Park, níbi tó jẹ́ pé bí àpótí bá já, gbogbo èèyàn á gbọ́. Tèmi, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ nígbà tó bá já.

Nǹkan mìíràn tún ń bà mí lẹ́rù. Àwọn àmì kan wà tí mi ò lè fọwọ́ kàn láìṣe pé ara mi bù máṣọ, àwọn tó ní àmì ẹgbẹ́ òṣìkà tó pa àwọn Júù. Arábìnrin kan nínú ìjọ bi mí níṣojú èèyàn pé, “Sister, ṣé ẹrù àwọn ẹni burúkú yẹn lẹ fi ń jẹun?” Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá Màmá. Ó bọ́ awò rẹ̀ kúrò lójú.

“Mo gbé láàárín wọn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo mọ̀ wọ́n ju arábìnrin rẹ lọ. A kì í yin ẹni tó wọ̀ ọ́. Ohun tó jẹ́ là ń sọ. Bí a bá dákẹ́, àwọn òpùrọ́ ni yóò máa sọ ọ́.”

Lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́ yẹn ló fi iná aláwọ̀ àlùkò hàn mí. Ẹ ó pa iná ilé, ẹ ó tan èyí sórí ọ̀wọ́ náà. Òwú àtijọ́ yóò dúdú síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Òwú òde òní, àti aṣọ tí wọ́n bá fi ọṣẹ òde òní fọ̀, yóò tàn bí eyín ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Ẹ rántí iná yìí. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ọdún tí mo bí Dáyọ̀ ni àdánù náà ṣẹlẹ̀. A ti ń retí ọmọ náà tipẹ́tipẹ́. Ìyá ọkọ mi wá láti Abẹ́òkúta láti bá wa tọ́jú rẹ̀. Obìnrin rere ni, aláápọn, ẹni tí kì í jókòó bí iṣẹ́ bá wà. Iṣẹ́ aṣọ rírán lòun náà ṣe títí tí orúnkún fi dá a dúró.

Èmi ṣì wà nílé pẹ̀lú ọmọ nígbà tí Màmá wá kan ilẹ̀kùn. Ó mú ọ̀wọ́ àmì-ẹ̀yẹ kan dání nínú aṣọ funfun. Tààrà láti Lithonia, níbi tí ẹni tó ni ín ń gbé, ló ti ń bọ̀, kò tilẹ̀ yà ní ṣọ́ọ̀bù.

“Bọ́sẹ̀, o kò tíì lè padà síṣẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi kò tó o mọ́, eléyìí kò sì lè dúró.”

Ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Bàbá arúgbó kan ló ni ín, Mísítà Walter, ọmọ Georgia, aláwọ̀ dúdú, tó wa ọkọ̀ ẹrù fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà ogun kejì. Bí ogun ṣe ń parí ní Germany, opó kan tí ebi ń pa fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ọkọ rẹ̀, ó sì fún obìnrin náà ní oúnjẹ agolo. Kò mọ orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti tọ́jú nǹkan náà sínú ìbọ̀sẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ó ní òun gba ọlá òkú lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa. Ní báyìí dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń béèrè ni pé kí wọ́n bá òun wá ìdílé obìnrin náà, kí nǹkan wọn padà sọ́dọ̀ wọn kí òun tó kú.

“Ó ṣeé wá?” ni mo bi Màmá.

“Ó ṣeé ṣe. Àmì márùn-ún ni. Àgbélébùú irin ti ọdún 1914, àgbélébùú ti ìpínlẹ̀ Oldenburg, ti ìpínlẹ̀ Hamburg, àmì fàdákà fún ẹni tó gba ẹ̀mí là, àti èyí tí wọ́n ń fúnni ní 1934. Àwọn tó gba ti ẹ̀mí là kò pọ̀ bí àwọn yòókù. Ọkùnrin kan wà ní Germany tó ń kó orúkọ wọn jọ. Ṣùgbọ́n yóò bi wá pé, ará ibo? Èyí tó bá ṣíwájú láàárín Oldenburg àti Hamburg ni yóò sọ fún wa. Mo dá àwọn àmì náà mọ̀, ṣùgbọ́n n kò gbẹ́kẹ̀ lé ojú mi lórí títò wọn. Fara balẹ̀ wò ó. Ya àwòrán rẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dára lọ́sàn-án.”

Ó gbé e lé orí tábìlì ilé oúnjẹ, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ó lọ. Mo fún ọmọ lọ́mú. Oorun gbé mi lọ.

Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló jí mi. Ilé pa rọ́rọ́. Mo dé orí tábìlì, páànù ni mo bá, ní ìhòhò. Àwọn àmì márààrún wà nínú àwo ọbẹ̀, wọ́n ń kọ mànà. Mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Aṣọ ọmọ wà lórí okùn, nápíìnì, ẹ̀wù péńpé, fìlà; láàárín wọn ni ríbọ́ọ̀nù márùn-ún wà, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọn bí àsíá kékeré.

“Ìyàwó mi, o ti jí? Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ!”

“Mà?”

“Ẹrù òkú tí ìyá òyìnbó yẹn gbé wá ni. Ìdọ̀tí gbáà! Nínú ilé tí ọmọ tuntun wà! Mo ní kò jẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí abẹ́rẹ́ ni mo fi tú u o, n kò já a. Mo fi ọṣẹ fọ aṣọ rẹ̀, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ bọ́ ìdọ̀tí irin rẹ̀. Tó bá gbẹ, màá rán an padà fún ọ, á dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

Mo kúnlẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “Ẹ ṣeun, mà. Ẹ kú iṣẹ́, mà.”

“Kí ló dé tí o ń fi ìró bora?”

“Òtútù ni, mà.”

“Òtútù? Nínú oòrùn yìí? Wọlé lọ jókòó, ara ìyá ọmọ ni.”

Mo wọlé. Mo fi ẹ̀yìn ti fíríìjì. Mo pe ọkọ mi níbi iṣẹ́. Ó gbọ́ ọ tán.

“Ṣé o ti sọ fún màmá pé wọ́n ba nǹkan jẹ́?”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?”

“Jọ̀ọ́, má sọ ọ́ o. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Ṣé wọn ò lè rán an padà bí wọ́n ṣe ní àwọn máa rán an?”

Wọ́n lè rán an. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Wọn yóò rán an tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó máa mọ̀, a ó sì máa fi ọ̀nà èké wá ẹni tí kò sí, bàbá arúgbó yẹn yóò sì kú sẹ́nu ìdúró. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ṣùgbọ́n Mísítà Walter kò ní ogún ọdún. Mo pe Màmá, mo ní wọ́n ti fọ ọ̀wọ́ náà.

“Ta ló fọ̀ ọ́?”

“Ìyá ọkọ mi ni, mà.”

“Kí ló fi fọ̀ ọ́?”

“Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ ọmọ.”

Ó ní, “Má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mò ń bọ̀.”

Nígbà tó dé, ìyá ọkọ mi ti fi mọ́ínmọ́ín sínú àwo fún un. “Ẹ káàbọ̀ o, ìyá òyìnbó. Ẹ jókòó.” Màmá jókòó. Ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló kó ríbọ́ọ̀nù sínú yàrá tó ṣókùnkùn, ó tan iná àlùkò tó mú wá sí wọn. Gbogbo wọn tàn. Wọ́n tàn funfun-bùlúù, bí ohun tí wọ́n ṣe lánàá ní ilé iṣẹ́ ayédèrú.

“Láti òní lọ,” ni Màmá wí, “kò sí onímọ̀ kan tí yóò tan iná sí i tí kò ní pè é ní irọ́. Bí a bá rí ìdílé náà, ta ni yóò gbà wá gbọ́?”

Ìyá ọkọ mi ń wò wá lẹ́nu ọ̀nà. “Ìyàwó, kí ló dé tí ojú ẹ̀yin méjèèjì dà bí ojú olófò?”

Mo rántí ọ̀rọ̀ ọkọ mi. Mo tún rántí òfin Màmá. Mo mú ìyá lọ́wọ́, mo jẹ́ kí wọ́n jókòó, mo sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ gbogbo rẹ̀: bàbá arúgbó náà, opó náà, oúnjẹ agolo, títò tó yẹ kó júwe ilé. Wọ́n káwọ́ lérí.

“Mo gbé! Bàbá yẹn ò ní kú kó tó rí onílé?”

“A ò mọ̀, mà.”

Lẹ́yìn náà wọ́n fi etí aṣọ nu ojú, wọ́n sì na ọwọ́. “Kó o wá. Abẹ́rẹ́ tó bá wọ aṣọ, ihò rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Omi kì í fọ ihò.”

Mo sọ ọ́ fún Màmá lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó wo ìyá ọkọ mi fún ìgbà pípẹ́, bó ṣe wo síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́jọ́sí. Ó fún un ní awò rẹ̀. N kò tíì rí i kó fún ẹlòmíràn.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ mọ́ tábìlì náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Nínú ọ̀wọ́ tó fún mọ́ra, ríbọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan máa ń gorí etí èyí tó tẹ̀ lé e. Oòrùn ọdún gbogbo ti mú kí ojú wọn ṣá, ṣùgbọ́n etí tó wà lábẹ́ kò ṣá. Ọṣẹ kò lè dá àwọ̀ tó ti ṣá padà, kò sì mú èyí tí kò ṣá kúrò. Etí méjèèjì ríbọ́ọ̀nù kan ló ti ṣá, torí kò sí èyí tó gorí rẹ̀: òun ló ṣíwájú, ti àgbélébùú irin. Ní ti àwọn yòókù, ìyá ọkọ mi ń gbé etí ríbọ́ọ̀nù kan lé òmíràn, wọ́n ń gbé wọn síwájú wíńdò, wọ́n ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò gba inú ihò méjèèjì kọjá lẹ́ẹ̀kan náà.

“Eléyìí ò bá a mu. Gbé ìyẹn wá. Ẹ̀n-ẹ́n! Wò ó, ọkọ ni, ìyàwó sì ni.”

“Kí ló sọ?” ni Màmá bi mí.

“Wọ́n ní wọ́n ti ṣègbéyàwó, mà.”

Màmá rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ń dúró de Oldenburg àti Hamburg. Ihò ti Oldenburg bá ti àgbélébùú irin mu. Ti ẹ̀mí là tẹ̀ lé e, ti Hamburg sì tẹ̀ lé ti ẹ̀mí là. Oldenburg ló ṣíwájú. Ti 1934 ló kẹ́yìn, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn. Ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ọpẹ́. Màmá ní kí n ya àwòrán rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni tó dìde.

Ṣùgbọ́n a kò tíì sọ fún ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ kejì, a gba ọ̀nà márosẹ̀ I-20 lọ sí Lithonia. Mísítà Walter wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gbé sí pálọ̀. Denise, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ṣílẹ̀kùn. Kí Màmá tó sọ̀rọ̀ tán, inú ti bí i.

“Nǹkan kan ṣoṣo ni Daddy fún yín. Ẹyọ kan! Ẹ sì lọ fi í ṣe ìfọṣọ?”

“Denise,” ni bàbá náà wí láti orí bẹ́ẹ̀dì, “jẹ́ kí wọ́n wọlé.” Ó bojú wò mí. “Ta ló fọ̀ ọ́?”

“Ìyá ọkọ mi ni, sà. Torí ọmọ tuntun tó wà nílé. Wọn ò fẹ́ kí ìdọ̀tí kan ọmọ.”

“Ọkùnrin àbí obìnrin lọmọ?”

“Obìnrin ni, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, ó ní, “Obìnrin tó fún mi náà fẹ́ kó mọ́. Ó fi épúrọ́ọ̀nù rẹ̀ nù ún, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹní ń nu imú ọmọ. Lẹ́yìn náà ló tó gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò wò mí lójú. Tó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, ǹ bá ti gbàgbé.” Ó di ọwọ́ mi mú. “Ẹ bá mi wá wọn. Ẹ ṣe kíá.”

Màmá kọ̀wé sí ọkùnrin ti Germany. Kò fi nǹkan kan pamọ́: pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, pé yóò tàn lábẹ́ iná, pé etí tí kò ṣá àti ihò abẹ́rẹ́ la fi mọ títò rẹ̀. Èmi ń bẹ̀rù pé yóò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Èsì rẹ̀ kúrú. Ó ní òun kò gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n òpùrọ́ kì í kọ irú ìwé yìí. Ó fi orúkọ méjì ará Oldenburg ránṣẹ́. Ẹnì kan kò fẹ́yàwó rí. Ẹnì kejì fi opó sílẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ sì wà láàyè. Màmá kọ̀wé sí obìnrin náà, ó ní kó wá àwòrán bàbá àgbà rẹ̀ bó bá ní.

Ìdúró náà burú. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n sáré gbé Mísítà Walter padà sí ọsibítù. Bí fóònù bá ti dún nílé, ìyá ọkọ mi yóò fi ọmọ sílẹ̀ lórí ẹní, wọn yóò ní, “Bàbá yẹn ńkọ́?” Wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ kún àdúrà òwúrọ̀, wọ́n ń pè é ní Wọ́tà.

Àpòòwé náà dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí mo padà síṣẹ́. Àwòrán kan ló wà nínú rẹ̀, ti ìgbéyàwó ọmọ wọn. Ọkùnrin kan tó ti ń darúgbó dúró síbẹ̀, àmì-ẹ̀yẹ márùn-ún wà láyà rẹ̀. Màmá ti awò sọ́dọ̀ mi.

“Ìwọ ni kí o wò ó. Sọ ohun tí o rí.”

Mo sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì yára. Àgbélébùú irin. Oldenburg. Ẹ̀mí là. Hamburg. Ti 1934. Màmá ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Kò yàtọ̀.

A gbé àwòrán náà dé Lithonia. Denise gbé e síwájú bàbá rẹ̀, èmi sì na ìka sí àyà ọkùnrin náà, mo fẹ́ ṣàlàyé. Mísítà Walter rọra gbé ọwọ́ mi kúrò. Kì í ṣe ọkùnrin náà ló ń wò. Obìnrin tó dúró tì í ló ń wò, obìnrin kúkúrú kan tó ká ọwọ́ pọ̀ síwájú ikùn.

“Òun nìyẹn,” ló wí. “Òun nìyẹn. Kí lorúkọ rẹ̀?”

Denise wo lẹ́tà náà. “Meta.”

“Meta,” ló wí. Ó tún un pè. Ó gbé àwòrán náà lé àyà, ó di ojú.

Mo rán ọ̀wọ́ náà padà, mo tẹ̀ lé ihò òwú àtijọ́, mo fi ìwé há a pé a ti fọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa pe ìdílé náà ní òpùrọ́ lọ́la. Denise fi í ránṣẹ́. Obìnrin ti Germany kọ̀wé pé ó ti dé, pé ó sì mọ́. Denise ka ìwé náà sí bàbá rẹ̀ létí, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí bàbá náà fi sun oorun ìkẹyìn.

Màmá lo ọdún bíi mélòó kan sí i, ó kú, ó fi ṣọ́ọ̀bù náà sí ọwọ́ mi. Irinṣẹ́ yí padà. Kámẹ́rà dé tó lè ya ihò abẹ́rẹ́ kó tóbi bí àwo. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà gbọ́n sí i: wọ́n ń wá òwú àtijọ́ rà, wọ́n ń fi tíì pa aṣọ láró kó lè pọ́n. Ní báyìí àwọn èèyàn ń fi fóònù ya àwòrán ránṣẹ́, wọ́n ń béèrè pé, “Ṣé ojúlówó ni?” Iwájú nìkan ni wọ́n máa ń yà. Èsì kan náà ni mò ń fún gbogbo wọn: ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú mi ló dá mi dúró lọ́dún tó kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí mo fẹ́ rí, mo sì mọ̀ pé àsìkò ti tó.

Dáyọ̀ ti wà ní yunifásítì báyìí. Ó bi mí pé, “Mummy, ṣé kí n kọ́ ọ?” Mi ò mọ̀. Èyí tí mo mọ̀ ni pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bó bá sì bàjẹ́, ẹ sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀rù kò tíì kúrò lára mi. Bí mo bá ra aṣọ ní ilé ìtajà, mo ṣì ń yí inú rẹ̀ síta kí n tó wo iye rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Denise pè mí pé ọ̀wọ́ yẹn ti délé, pé bàbá náà sì ti lọ, ìyá ọkọ mi ti padà sí Abẹ́òkúta. Mo pè wọ́n lórí fóònù kí n tó bọ́ bàtà.

“Ìyàwó mi, ṣé ẹrù òkú yẹn ti dé ọwọ́ onílé?”

“Ó ti dé ọwọ́ wọn, mà.”

“Wọ́tà ńkọ́?”

“Wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n tó lọ, mà.”

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn wọn tó rẹlẹ̀, bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti béèrè.

“Ṣé wọ́n ní ó mọ́?”

“Wọ́n ní ó mọ́, mà.”